Abẹ́rẹ́ fún Ojú Híhunjọ: Irú Ilà Ojú ni Yóò Sọ Èyí tí Ó Yẹ

Bí ọjọ́ orí ènìyàn bá ti ń gòkè, awọ ojú a máa pàdánù okun rẹ̀, ilà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní iwájú orí, ní igun ojú àti ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Oòrùn àti sìgá mímu a máa mú kí èyí tètè ṣẹlẹ̀. Lára àwọn aláwọ̀ dúdú, ilà wọ̀nyí kì í tètè hàn, nítorí pé èròjà tí ó ń mú kí awọ dúdú a máa dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn. Síbẹ̀, ní àwọn ìlú ńlá bí Èkó àti Àbújá, àwọn kan ń lọ gba abẹ́rẹ́ láti mú ojú jọ̀lọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ jù, iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ewu wọn náà sì yàtọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè náwó sí èyí tí kò ní wúlò fún un, tàbí kí ó fi ojú rẹ̀ wewu.

Abẹ́rẹ́ tí ó ń dẹ iṣan

Oríṣi kìíní ni botulinum toxin, tí orúkọ Botox jẹ́ gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀. Oró ni, láti ara kòkòrò Clostridium botulinum, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kékeré gan-an ni àwọn dókítà ń lò. Ó máa ń dí ìránṣẹ́ tí ó ń ti ọpọlọ wá sí iṣan ojú lọ́wọ́, iṣan náà yóò sì dẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Kánádà, Jean Carruthers, dókítà ojú, àti ọkọ rẹ̀ Alastair, dókítà awọ ara, ni wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn tí a fún ní abẹ́rẹ́ yìí nítorí àìsàn ojú ń pàdánù ilà tí ó wà láàárín irun òkè ojú. Wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1992. Ní ọdún 2002, àjọ FDA tí ó ń mójútó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ilà yìí.

Láàárín ọjọ́ 3 sí 14 ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń hàn, ó sì máa ń lò tó oṣù 3 sí 4. Ó lè fa orí fífọ́ tàbí kí ìpéǹpéjú wọ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n oró náà lè tàn dé ibòmíràn nínú ara, kí ó sì dí oúnjẹ gbígbé mì tàbí mímí lọ́wọ́. A kì í fún aláboyún, ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, tàbí ẹni tí ó ní àrùn tí ń sọ iṣan di aláìlágbára.

Abẹ́rẹ́ tí ó ń kún inú awọ

Oríṣi kejì kì í dẹ iṣan; ńṣe ni ó ń kún ibi tí ó ti jìn wọ inú. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni hyaluronic acid, èròjà tí ó wà nínú ara ènìyàn tẹ́lẹ̀, tí ó sì máa ń fa omi mọ́ra. Lójú ẹsẹ̀ ni ìyàtọ̀ máa ń hàn, ó sì lè lò tó oṣù 6 sí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ewu rẹ̀ tí ó burú jù ni pé bí ó bá ṣèèṣì wọ inú òpó ẹ̀jẹ̀, ó lè pa awọ ojú ibẹ̀, ó lè fọ́ ojú, ó sì lè fa àrùn rọpárọsẹ̀. Bí ìrora líle bá dé, bí àwọ̀ ara ibẹ̀ bá yí padà, tàbí bí ojú bá ṣàdédé ṣú, kí a má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Oògùn kan wà tí ó ń yọ́ hyaluronic acid, hyaluronidase ni orúkọ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí kí a tó gún abẹ́rẹ́. Kò lè yọ́ àwọn èròjà ìkúnwọ̀ yòókù.

Bí a ṣe lè yàn

Kí ènìyàn jókòó síwájú jígí, kí ó má rẹ́rìn-ín, kí ó má sì fajú ro. Lẹ́yìn náà, kí ó wá fajú ro. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ó fajú ro nìkan ni ilà náà hàn, abẹ́rẹ́ tí ń dẹ iṣan ni ó bá a mu. Bí ilà bá wà níbẹ̀ nígbà tí ojú sinmi, pàápàá láti ẹ̀gbẹ́ imú dé igun ẹnu, èyí tí ń kún inú awọ ni ó lè wúlò. Bí awọ bá ti wọ́ sílẹ̀ púpọ̀, ó ṣeé ṣe kí méjèèjì má tó.

Ẹni tí àpá ara rẹ̀ máa ń wú, tàbí tí ojú egbò rẹ̀ máa ń dúdú, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí ó tó gba abẹ́rẹ́ kankan.

Ọwọ́ ta ni abẹ́rẹ́ wà?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ CDC ní Amẹ́ríkà kéde pé obìnrin 22 ní ìpínlẹ̀ 11 ni ó ní ìṣòro lẹ́yìn tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ayédèrú tàbí èyí tí a kò mọ orísun rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gba ìwé àṣẹ tàbí ẹ̀kọ́ tí ó yẹ, tàbí ní ibi tí kì í ṣe ilé ìwòsàn, ni wọ́n ti gbà á.

Ní Nàìjíríà, kí a béèrè nọ́ńbà NAFDAC tí ó wà lára oògùn, kí a sì rí i dájú pé orúkọ dókítà wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ MDCN. Kí wọ́n ṣí ìgò oògùn lójú ẹni tí yóò gbà á. Ẹni tí kò bá lè sọ orúkọ ohun tí ó fẹ́ gún, kí a má ṣe gbé ojú fún un.

Ilà ojú kì í pa ènìyàn. Kò sí ìdí tí a fi ní láti kánjú, ẹni tí ó bá sì sọ pé òun kò fẹ́ gba abẹ́rẹ́ rárá kò ṣe àṣìṣe.