Ẹ Má Fi Omi Gbígbóná Jó Ẹsẹ̀ Tó Rọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ ní Ọ̀fàdà, inú mi dùn sí yín, pàápàá lẹ́yìn ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà tó wáyé l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 2025. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yín ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Bí ẹsẹ̀ bá yí sínú, iṣan tó so eegun pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta á ya díẹ̀, kókósẹ̀ á sì wú. Kíá ni ará ilé á gbé omi gbígbóná àti róòbù dé, wọ́n á máa fà á. Ẹ má gbà o! Ooru àti ìfọwọ́rà tètè-dé máa ń fi kún wíwú náà ni. Fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ sinmi, ẹ fi aṣọ wé omi dídì lé e fún bí ìṣẹ́jú 20, ẹ fi báńdéèjì dì í, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí.

Bí ẹ kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí eegun kókósẹ̀ ń dùn yín bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó lè ti kán. Ẹ lọ ya àwòrán eegun ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ n'Ídìí-Àbà, l'Ábẹ́òkúta, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́, ìjókòó tó ga jù máa ń mú kí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ro yín. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sì gbé àbúrò yín sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tí kò ní ibi ìtẹsẹ̀. Wáyà táyà máa ń bó gìgísẹ̀ ọmọ.

Bí ẹsẹ̀ bá san, ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan dúró láràárọ̀ kí ẹ tó padà sórí pápá.