Bí Afẹ́fẹ́ Bá Gbé Wa Lọ, Ta Ni Yóò Gbé Wa Bọ̀?

ÌBÉÈRÈ

Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ní kí èmi, ọkọ mi àti àwọn ìbejì wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá lo òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ òun lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ó ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ní ọkọ̀ ìgbòkun sọ̀rọ̀. Àwa mẹ́fà péré ni yóò wà nínú rẹ̀. A óò kúrò ní Marina láàárọ̀ Sátidé, a óò lọ sí etíkun Tarkwa Bay, a óò sì padà kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní aṣọ àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ náà, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Inú mi dùn sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ò yé mi. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé wa lọ síbẹ̀, afẹ́fẹ́ wo ni yóò gbé wa bọ̀? Àbí a óò jókòó títí yóò fi yí padà ni? Mo bi àbúrò mi, ó kàn rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀, mi ò sì wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Ṣé kí n mú àwọn ọmọ dání?

Ìyá Ìbejì, Ìgbò-Ọrà

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìbéèrè. Ohun tó yẹ kí èèyàn bi kó tó tẹ ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀ lẹ bi. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rín àbúrò yín dùn yín. Ọ̀pọ̀ ló ti bá ọkọ̀ ìgbòkun lọ, tí wọ́n bá a bọ̀, tí wọn ò sì lè sọ bó ṣe ń ṣe é.

Bí ẹ ṣe rò ó nìyí: afẹ́fẹ́ ń ti aṣọ, aṣọ ń fa ọkọ̀, nítorí náà ibi tí afẹ́fẹ́ bá kọrí sí nìkan ni ọkọ̀ lè lọ. Èrò yìí kò ṣàìtọ́, torí àwọn ọkọ̀ kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gba orí afárá Third Mainland kọjá, ẹ wo ojú ọ̀sà. Ẹ óò rí ọkọ̀ onígi gbọọrọ tó ru yanrìn títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá etí rẹ̀ dọ́gba, pẹ̀lú ìgbòkun ńlá tí wọ́n fi àpò rán pọ̀. Àwọn tó ń wa yanrìn ló ni ín. Àwọn apẹja Ẹ̀gùn ní Mákòókò náà ń lo irú rẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn wọn, ọkọ̀ náà á máa sáré. Nígbà tí kò bá sí lẹ́yìn wọn, wọ́n á mú àjẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ọ̀pá gígùn gún ilẹ̀ láti ti ọkọ̀ síwájú, nítorí pé ọ̀sà náà kò jìn ní ọ̀pọ̀ ibi. Wọ́n mọ wákàtí tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síhìn-ín àti èyí tó ń fẹ́ sọ́hùn-ún, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ wọn tẹ̀ lé e. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ yẹn gidigidi.

Ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó lè lọ, kó sì bọ̀, nínú afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo tí kò yí padà rárá. Irú rẹ̀ kì í ṣe tuntun ní Èkó. Láti ọdún 1932 ni Lagos Yacht Club ti wà, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà sì ń fi ìgbòkun rìn lórí omi ibẹ̀.

Ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta. Etí kan rẹ̀ wà lára òpó tó dúró láàárín ọkọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà lára ọ̀pá kan tó nà sẹ́yìn, tó lè fì sọ́tùn-ún tàbí sósì. Okùn ni atukọ̀ fi ń fà á mọ́ra tàbí kó tú u síta, kó lè gba afẹ́fẹ́ bó ṣe fẹ́ kó gbà á. Èyí tí ojú yín kò ní rí wà lábẹ́ omi: pátákó gbòòrò kan tó ti abẹ́ ọkọ̀ dúró lóòró sísàlẹ̀. Pátákó yẹn gan-an ló ni ìdáhùn ìbéèrè yín.

Bí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ láti iwájú lápá kan, tí atukọ̀ sì fa ìgbòkun mọ́ra, afẹ́fẹ́ á gba ojú aṣọ náà méjèèjì kọjá. Bó ṣe ń kọjá, ó ń ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gan-an, ó sì ń tì í síwájú díẹ̀. Bí kò bá sí pátákó abẹ́ ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ náà ni ọkọ̀ ìbá máa gbá lọ. Àmọ́ kí pátákó yẹn tó lè lọ sí ẹ̀gbẹ́, àfi kó ti omi púpọ̀ kúrò lọ́nà, omi ò sì ní gbà fún un. Síwájú ló rọrùn fún un, torí etí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi ń la omi. Ẹ ti fi ìka méjì tẹ kóró àgbálùmọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu jáde rí. Ìka kan ń tì í láti ọ̀tún, èkejì ń tì í láti òsì, kò sí èyí tó tì í síwájú nínú méjèèjì, síbẹ̀ iwájú ló fò sí. Afẹ́fẹ́ ni ìka kan, omi ni ìka kejì.

Ohun tí ọkọ̀ náà kò lè ṣe ni kó dojú kọ afẹ́fẹ́ gan-an. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbòkun á máa gbọ̀n pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ lásán, ọkọ̀ á sì dúró. Nítorí náà atukọ̀ á gbé imú ọkọ̀ kúrò lójú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi dígírì 45, á rìn bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà á yí imú ọkọ̀ padà kí afẹ́fẹ́ lè bọ́ sápá òsì. Ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ ni ó ń gbà débi tí kò lè gbà tààrà. Ọ̀nà náà gùn sí i, dájúdájú: ibi tó jẹ́ kìlómítà 1 ní tààrà yóò di nǹkan bíi kìlómítà 1.4. Ẹni tó bá wò ó láti etí omi á rò pé atukọ̀ ti ṣìnà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀ ò ní rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbàkigbà tí atukọ̀ bá fẹ́ yí ọkọ̀ padà báyìí, á kígbe kó tó ṣe é. Ẹ bẹ orí yín wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ọ̀pá ìsàlẹ̀ ìgbòkun yóò fì kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ó sì lè gbá èèyàn lórí. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ níhìn-ín, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání jù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun kan tí yóò fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ìpadàbọ̀ lẹ̀ ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ní ojú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ mú yín gbà yìí, àlọ ni iṣẹ́ wà. Bí oòrùn bá ti mú, ilẹ̀ a máa tètè gbóná ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gbéra sókè, ti orí òkun á sì wọlé wá rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn wà lára ìdí tí afẹ́fẹ́ Èkó fi máa ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn fẹ́ lọ́pọ̀ ọ̀sán, tó sì máa ń le sí i bí ọ̀sán bá ṣe ń pọ́n. Gúúsù Marina ni Tarkwa Bay wà, nǹkan bíi kìlómítà 5. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ óò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kojú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́sàn-án, ẹ̀yìn yín lápá kan ni yóò wà, yóò sì máa tì yín bọ̀ wálé. Láàárọ̀ kùtùkùtù, afẹ́fẹ́ lè má tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbé àlejò ní ẹ́ńjìnnì kékeré lẹ́yìn fún irú àkókò bẹ́ẹ̀, àti fún kíkúrò létí èbúté. Ẹ bi àbúrò yín bóyá tiwọn ní in.

Omi náà tún ń ṣèrànwọ́. Òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, omi ọ̀sà sì ń bá a wọlé, ó ń bá a jáde. Ní Èkó, ìyàtọ̀ láàárín ìkún àti ìfà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà kan. Kò pọ̀, àmọ́ ẹnu ọ̀nà tí gbogbo omi yẹn ń gbà tóóró, nítorí náà ó máa ń ṣàn kíkankíkan níbẹ̀. Atukọ̀ tó mọṣẹ́ á fẹ́ bá omi tó ń fà jáde, kó sì bá èyí tó ń kún wọlé. Omi náà kì í ṣe àjèjì sí yín pátápátá. Odò Ògùn tó gba Òkè Ògùn àti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Ìbàràpá yín sọ̀kalẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, inú Ọ̀sà Èkó ló ń dà sí, ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn náà ló sì ń bá wọ òkun. Òjò tó rọ̀ sí oko Èrúwà tàbí Lánlátẹ̀ lè wà nínú rẹ̀.

Ẹ ò ní bọ́ sí agbami. Tarkwa Bay wà nínú, lẹ́yìn òkúta tí wọ́n kó jọ sí ẹnu òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà fún ọkọ̀ ńlá láti wọ èbúté Èkó. Òkúta yẹn ló ń gba ìgbì. Ẹ óò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó ń lọ sí Àpápá. Atukọ̀ yín ni yóò yà fún wọn, torí ọkọ̀ ńlá kò lè yà kíákíá.

Ohun kan tí kò sí nínú lẹ́tà yín, tó sì máa ń já àwọn ẹni tuntun láyà: ọkọ̀ náà yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì í ni, kì í ṣe pé ó fẹ́ dojú dé. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ńlá díẹ̀, irin tàbí òjé tó wúwo wà lábẹ́ pátákó ìsàlẹ̀ tó ń fà á padà dúró. Bó bá jẹ́ kékeré, ìjókòó èèyàn ló ń mú un dúró. Wọn óò ní kí ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó ga, ẹ kàn ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ọkọ̀ kékeré lè dojú dé lóòótọ́ bí afẹ́fẹ́ bá ká atukọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà rì, ó máa ń léfòó ni. Ẹ dì í mú títí wọn óò fi gbé e dìde tàbí tí wọn óò fi wá gbé yín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀ láti lúwẹ̀ẹ́ lọ sí etí omi.

Àìmọ̀wẹ̀ kò ní kí ẹ má lọ. Láífù jákẹ́ẹ̀tì ni yóò mú yín léfòó, bí ẹ bá dè é dáadáa látìgbà tí ẹ ti wà ní èbúté títí ẹ óò fi padà. Òfin ni, LASWA, àjọ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2008 fún ọ̀rọ̀ ojú omi, sì ń tẹnu mọ́ ọn. Wọ́n ka ìrìn alẹ́ lórí omi léèwọ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ètò àbúrò yín pé ẹ óò padà kí oòrùn tó wọ̀ dára gan-an.

Àsìkò tí ẹ mú ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Lẹ́yìn Àjíǹde ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò máa ń jà, irú èyí tó ń ṣí páànù lórí ilé ní Ìgbò-Ọrà. Ìlà-oòrùn ló sábà ń gbà wá, ojú ọ̀run á kọ́kọ́ ṣú dẹ̀dẹ̀, afẹ́fẹ́ á dákẹ́, lẹ́yìn náà á wá ya lu èèyàn. Atukọ̀ tó bá rí i lókèèrè á sọ ìgbòkun kalẹ̀, á sì wá ibi tó fara pamọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣọ́ òjò lóko mọ àmì rẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ rí i, ẹ tètè sọ fún un. Bó bá sì jẹ́ pé láàárọ̀ ọjọ́ náà ni atukọ̀ sọ pé ẹ ò ní lọ mọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹun díẹ̀ kí ẹ tó lọ, torí inú òfìfo náà máa ń ru. Ẹ jẹ́ kí àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa dúró di alẹ́. Ṣòkòtò tàbí bùbá tí kò fẹ̀ jù dára ju ìró gígùn lọ. Ẹ wọ bàtà rọ́bà pẹlẹbẹ, kí ẹ sì de fìlà tó lókùn, torí oòrùn orí omi ń ta padà sí ojú èèyàn láti ìsàlẹ̀. Ẹ mú omi mímu tó pọ̀ dání, kí ẹ sì di fóònù sínú ọ̀rá.

Àwọn ìbejì ńkọ́? Ẹ mú wọn dání, bí láífù jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé bá wà fún àwọn méjèèjì. Ti àgbàlagbà á yọ lọ́rùn ọmọdé bó bá bọ́ sómi. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń yan án, kì í ṣe ọjọ́ orí, nítorí náà ẹ wọ̀n wọ́n lórí ìwọ̀n ní ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí àbúrò yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó lè rí i wá kí ẹ tó dé. Bí kò bá rí méjì, kí àwọn ọmọ dúró sílé.