Ta Ló Ní Kẹ́ Ẹ Dákẹ́ Sọ́mọ?

Àṣàkẹ́, jókòó. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Wọ́n ní olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sọ fún ẹ pé èdè ló pọ̀ jù lórí ọmọ ni kò fi tètè sọ̀rọ̀, pé kẹ́ ẹ fi Yorùbá àti Tápà bàbá ẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ìwọ náà sì gbà! Ìwọ tí wọ́n bí sí Ìlọrin! Gẹ̀ẹ́sì wo gan-an? Èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹ lánàá, "kọ́ọ̀mù, sídáùn, íìtì", ṣé ọ̀rọ̀ nìyẹn àbí àṣẹ ọlọ́pàá?

O ò wo ìlú yìí ni? Fúlàní ni Ṣéù Àlímì, bàbá ńlá àwọn ọba Ìlọrin, Yorùbá ni àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ń sọ lónìí. Gàm̀bàrí wà níbí, Tápà wà, Ìbàrìbá wà. Ọmọ tí kò tíì dé kíláàsì kìn-ín-ní ti ń ka álífù ní ilé kéú, Yorùbá ló sì fi ń ṣeré nílé. Ta ló yadi nínú wọn? Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ ti wí i títí: èdè méjì tàbí mẹ́ta kì í di ọmọ láhọ́n. Bó bá sì da Yorùbá pọ̀ mọ́ Tápà, kò dàrú. Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo lo sọ̀rọ̀ kẹ́yìn tí o kò da Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn?

Jímọ̀ tó kọjá tí mo wá sí Adéwọlé níbí, ojú mi ló ṣe. Ọmọ na ọwọ́ sí kọ́ọ̀pù, ó sọ fún bàbá ẹ̀ pé "nuwan." Bàbá ẹ̀ bu omi fún un. Nígbà tó mu ún tán, ó kọjú sí mi, ó ní "omi." Ọmọ tó mọ ẹni tó yẹ kóun bá sọ Tápà, tó tún mọ ẹni tó yẹ kóun bá sọ Yorùbá, òun lẹ ní kò gbọ́n? Olùkọ́ yẹn ò ka ọ̀kankan, torí kò gbọ́ "water." Ìwọ kà á fúnra ẹ. Ti Yorùbá, ti Tápà, ti Gẹ̀ẹ́sì, títí kan Hausa tó gbọ́ lẹ́nu mọ́là onísúyà, kó gbogbo ẹ̀ jọ. Ọmọ ọdún méjì, ó yẹ kó ní bí ọ̀rọ̀ 50, kó sì máa so méjì pọ̀, bíi "màmá wá."

Ohun tó ń bí mi nínú ni tẹlifísọ̀n yìí. Kátùùnù láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yin méjèèjì á dorí kọ fóònù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ lọ́dún 2019: ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, kó má jókòó tì í rárá, ọlọ́dún méjì, kó má ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Tẹlifísọ̀n kì í dúró gba èsì. Bó o bá ń ṣa ẹ̀wà, máa bá a sọ ọ́. Bó o bá ń wẹ̀ ẹ́, dárúkọ etí, dárúkọ imú. Bó bá ní "mọ́tò," fi tìẹ kún un: "mọ́tò pupa ti lọ." Kó o wá dákẹ́ díẹ̀, kó lè fèsì. Ṣé o tiẹ̀ ń kì í láàárọ̀? Kí bàbá ẹ̀ náà máa sọ Tápà sí i dáadáa. Ìyá àgbà tó wà ní Pàtígi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ni wọ́n á jọ sọ lọ́jọ́ Iléyá?

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu ẹ. Ìjọba àpapọ̀ kéde ní November 2025 pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ nílé ìwé. Ṣé wọ́n kéde é fún ilé ìdáná ẹ ni? Kódà nílé ìwé ọ̀hún, láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Àmọ́ mi ò ní kó o fọwọ́ lẹ́rán o. Ọmọ ti lé lọ́dún méjì, ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ ò tó. Mo pè é láti ẹ̀yìn, kò yíjú. Nígbà ọyẹ́, imú ẹ̀ ò yé dà. Omi lè dúró sínú etí ọmọ láìdùn ún, kó má máa gbọ́rọ̀ dáadáa. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun, kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán òróró sí i létí. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ ló ń fi sílẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan.

Bó bá jẹ́ owó ọkọ̀ ni, ó wà lọ́wọ́ mi. Gbé ọmọ wá kí n pọ̀n ọ́n. Ìwọ lọ pa tẹlifísọ̀n yẹn.