Ẹja Tí Ó Lè Jọ Gbé Inú Adágún Kan

Ẹni tí ó bá ń gbẹ́ adágún ẹja fún ìgbà èkíní ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kí ó mọ ìwà ẹja kí ó tó ra ọmọ rẹ̀. Epìyà kò ṣòro í bọ́: ewé inú omi àti eèrí àgbàdo tó o. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń bímọ jù. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ó ti ń yé ẹyin, a sì máa fi ẹnu gbé ọmọ kiri. Adágún a kún, oúnjẹ a dín, gbogbo wọn a sì wà ní kékeré.

Àrọ̀ ni ó ń dín wọn kù, nítorí a máa jẹ ọmọ epìyà. Ṣùgbọ́n bí àrọ̀ bá tóbi jù, epìyà tí a fowó rà ni yóò kọ́kọ́ gbé mì. Ẹ jẹ́ kí epìyà wọ omi ṣáájú ní nǹkan bí oṣù kan, kí ẹnu àrọ̀ tí a ó kó tẹ̀ lé e má sì gba ọ̀kankan nínú wọn. Èyí tí a fi ìgèrè mú ní Odò Ògùn kì í dọ́gba. Ẹ ṣà á, nítorí àrọ̀ ńlá a máa jẹ kékeré.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí epìyà bá ń yanu lójú omi ní ìdájí, ẹ tètè bu omi tuntun sí i. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè. Epìyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.