Kí Bàbá Má Baà Dère

Ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé òwe yìí ò parọ́, ẹ kó ìwé ètò ìsìnkú mélòó kan jọ, kí ẹ fọwọ́ bo orúkọ àti àwòrán, kí ẹ wá ka ìtàn ìgbésí ayé tó wà nínú wọn. Bàbá kan náà ni ẹ máa bá níbẹ̀: onírẹ̀lẹ̀ ni, olùfọkànsìn ni, ó fẹ́ràn ọmọ, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ta wá ni ẹni tó ń bá ilé kejì ṣẹjọ́ ilẹ̀ títí adájọ́ fi rẹ̀? Ta ló ń yọ ọ̀pá sáwọn ọmọ tó ń ká máńgòrò rẹ̀? Ère kì í lé ọmọ nídìí máńgòrò.

Ẹni ọmọ sin ló bímọ, a gbà. Ṣùgbọ́n sísin ò parí sórí pósí, màálù àti aṣọ ẹbí. Mi ò bá ẹni tó ń náwó òkú jà o, èmi náà ò kì í kọ ìrẹsì òkú àgbà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìtàn Bàbá gan-an ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ títí atẹ̀wé á fi máa pariwo pé ọjọ́ ti lọ. Ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà lò jù ni wọ́n á wá gbé e fún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ yẹn lè má bá Bàbá gbé rí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Bàbá ṣì ń jókòó síta. Ẹ má sọ fún un pé kó wá sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Àdúrà ni yóò gbà fún yín. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Bàbá àgbà kan nínú ẹbí wa, àgbẹ̀ kòkó ni. Nígbàkigbà tí a bá ní kó sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, “Ọlọ́run ló ṣe é” ló máa ń wí, ó parí. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bi í bí èèyàn ṣe ń mọ kòkó tó ti gbẹ, ṣe ló gbéra nílẹ̀. Ó ní èèyàn á bu ẹ̀kúnwọ́, á gbé e sétí, á fún un. Bó bá ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń rún ewé gbígbẹ, ó tó tà. Bí kò bá dún, kí olúwarẹ̀ dá a padà sórí ẹní. Ibẹ̀ ló ti bọ́ sọ́rọ̀ àwọn tó ń rà á, òṣùwọ̀n tí wọ́n ń fọgbọ́n tẹ̀, ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, àti ọdún tí owó kòkó fẹ́ ìyàwó fún un. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni kí ẹ béèrè, ẹ fi agbádá sílẹ̀.

Ọjọ́ orí ló máa ń fa wàhálà jù. Nínú káàdì ilé ìwòsàn, ẹni ọdún 82 ni Bàbá. Kí ìwé ìkéde tó dé ara ògiri, ó ti di 95. Àwọn tó bí Bàbá ò kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọdún, ọ̀nà yẹn náà ni kí ẹ gbà. Ṣé Bàbá ti ń ru ẹrù oko nígbà tí ogun Hitler ń jà láàárín 1939 sí 1945, àbí wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́n? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló wà lára àwọn tó wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, àbí ọmọ rẹ̀ ni? Bó bá jẹ́ pé ó gbé Gánà rí, ṣé ó ti láya nígbà tí ìjọba Busia ní kí àwọn àlejò kó ẹrù wọn ní ìparí 1969? Ǹjẹ́ ó ti kó wọ ilé tirẹ̀ kí náírà tó rọ́pò pọ́n-ùn ní oṣù kìíní ọdún 1973? Nígbà tí ìdáhùn mélòó kan bá pàdé, ẹ kọ “nǹkan bí 1934” sílẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú “nǹkan bí”. Ìtìjú ni kí ará òde ṣírò ọdún Bàbá, kó rí i pé ó ju ìyá tó bí i lọ.

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé Àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnì kan. Bí ẹ ò bá tètè bẹ̀rẹ̀ kí Bàbá tó kú, ọ̀sẹ̀ tí àwọn èèyàn ń wá bá yín kẹ́dùn ni kí ẹ mú, kí ẹsẹ̀ wọn tó dá. Ọmọ kì í mọ bàbá rẹ̀ tán. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn ò kì í bára wọn sọ̀rọ̀, àwọn yẹn ni kí ẹ fún lága. Bí àbúrò Bàbá obìnrin bá ń ki oríkì, ẹ tẹ fóònù kó máa gbà á sílẹ̀, kí ẹ má sì ní kó rọra kí ẹ lè rí i kọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ nù mọ́ wọn lẹ́nu. Oríkì pàápàá ò kì í fi àléébù pamọ́: ẹni tó kúrú ni, ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ẹmu ni, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò sì dín iyì orílẹ̀ kù. Mi ò ní kí ẹ tú àṣírí o. Ìjà tí ọmọ àwọn tó jà á ṣì wà láyé, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ pé Bàbá máa ń bínú, kí ẹ sì kọ ohun tó máa ń ṣe bí inú rẹ̀ bá rọ̀.

Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká fẹ́ kọ̀wé nípa bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé St. Peter's ní Aké, Abẹ́òkúta, àpótí páànù kan ló ṣí: lẹ́tà, rìsíìtì owó orí, àkọsílẹ̀ ìpàdé, àbájáde ilé ìwé. Látinú àpótí yẹn ni ìwé Ìsarà ti jáde ní 1989. Nínú ọ̀pọ̀ ẹbí, irú àpótí yìí ni wọ́n ń kọ́kọ́ dáná sun tí wọ́n bá ń gbá yàrá Bàbá, nítorí ìwé ilẹ̀ nìkan ni ojú wọn ń wá. Kí ẹnikẹ́ni má kó bébà kankan jáde kí ogójì ọjọ́ tó pé. Àwòrán ńkọ́? Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ láti apá òsì. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, bírò máa ń hàn síwájú. Kí ẹ jẹ́ kí Ìyá jókòó tì yín bí ẹ ti ń kọ ọ́, torí òun nìkan ló kù tó lè sọ pé ọkùnrin tó wọ dígí dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá yẹn kì í ṣe ẹbí rárá, àti pé owó Bàbá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.