Ìyẹ, Ìyege àti Àìjánikulẹ̀: Èdè-Ìperí fún Àyẹ̀wò Alùpùpù Àtijọ́ ní Agbègbè Yewa

Ìfáàrà

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ọkọ̀ tí ó tó gbé sójú títì láìfi ẹ̀mí ènìyàn wewu, ó sì ní òmíràn fún ọkọ̀ tí kì í dúró sọ́nà. Bí àwọn méjèèjì bá dé ọwọ́ ògbufọ̀ Yorùbá, wọn a máa di ọ̀kan ṣoṣo: "ọkọ̀ náà dára", tàbí, bí ògbufọ̀ bá fẹ́ kí ó dún bí ọ̀rọ̀ ìwé, "ọkọ̀ náà ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé". Nínú ìtàkurọ̀sọ ojoojúmọ́, èyí kò ba ohunkóhun jẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìlànà ìrìnnà, nínú ìbéèrè ìdánwò, tàbí nínú ìkéde tí ìjọba fẹ́ kí àwọn ọlọ́kadà kà kí wọ́n sì tẹ̀ lé, ìdàpọ̀ náà lè gba ẹ̀mí. Alùpùpù Honda C70 ni àpilẹ̀kọ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ohun tí ó mú un gbayì àti ohun tí ẹni tí ń yẹ ọkọ̀ wò ń wá kì í ṣe ohun kan náà rárá.

Orúkọ pọ̀, ìperí kò tó

Agbègbè Yewa, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995, yẹ fún irú ìwádìí yìí. Láti Ìlaròó dé Ọjà-Ọ̀dán, láti Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ àti ẹnu ààlà níhà Kétu, alùpùpù ni ó ń gbé olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀ àti alájàpá dé ibi tí mọ́tò kò fẹ́ dé. Orúkọ rẹ̀ sì pọ̀. Alùpùpù fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ tí ó ti inú ìró ẹ́ńjìnnì jáde. Máṣíìnì jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mọ́bílẹ́ẹ̀tì gba ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sọ èdè Faransé wọlé, láti ara Mobylette, orúkọ ọjà ilé-iṣẹ́ Motobécane. Ọ̀kadà wá láti ara Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983. Ẹ̀fẹ̀ ni ó wà nídìí orúkọ yìí; ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà ti kógbá sílé, ẹ̀fẹ̀ náà ni ó kù nílẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, kẹ̀kẹ́nọ̀ ni orúkọ ẹni tí ń fi alùpùpù kérò, "kẹ̀kẹ́" inú ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Ìdí-Ìrókò.

Gbogbo orúkọ wọ̀nyí ń pe ohun èlò náà tàbí ẹni tí ń gùn ún. Kò sí ọ̀kan tí ó ń sọ ipò tí ohun èlò náà wà. Ibẹ̀ gan-an ni èdè-ìperí ti kùnà.

Ohun tí C70 ní àti ohun tí kò ní

Ní 1958 ni ilé-iṣẹ́ Honda gbé Super Cub àkọ́kọ́ jáde ní Japan, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí kò pé 50 cc. C70, tí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ jẹ́ 72 cc, tẹ̀ lé e ní ìparí àwọn ọdún 1960. Nígbà tí ó fi máa di 2017, iye àwọn alùpùpù ìdílé yìí tí wọ́n ti ṣe ní gbogbo àgbáyé ti pé 100 mílíọ̀nù. Ní Ọ̀tà, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà tí Yewa wà, ni Honda dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti Nàìjíríà sí ní 1979.

Ìdí tí alùpùpù yìí fi gbayì kò fara sin. Kò ní ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Àwọn irin wíwúwo kéékèèké tí ń ṣí sóde bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí kíákíá ni wọ́n ń mú kílọ́ọ̀ṣì náà di mú fúnra rẹ̀. Nítorí náà kò sí wáyà kílọ́ọ̀ṣì tí yóò já. Ṣéènì rẹ̀ wà nínú àpótí tí ó bò ó tán, kí eruku pupa ọ̀nà Ìmẹ̀kọ má baà jẹ ẹ́ (bí ẹni tí ó ni ín kò bá yọ àpótí náà dànù, gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti ń ṣe). Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í ṣe omi. Ọ́ìlì rẹ̀, tí kò tó lítà kan, wà lọ́tọ̀ sí epo bẹntiróòlù. Ohun tí kò sí kò lè bàjẹ́, C70 sì jẹ́ alùpùpù tí ọ̀pọ̀ nǹkan kò sí lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìjánu rẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn, jẹ́ irú èyí tí bíréèkì ṣúù ń fẹ̀ nínú igbá irin, igbá náà kò sì fẹ̀ ju nǹkan bí 11 sẹ̀ǹtímítà lọ. Bí omi tàbí eruku bá wọ inú rẹ̀, agbára rẹ̀ a dín kù. Iná àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde jẹ́ ti fóòtì 6, tí kò mọ́lẹ̀ tó fún ọ̀nà tí kò ní iná lóru. Agbára C70 wà nínú ẹ́ńjìnnì. Àìlera rẹ̀ wà níbi ìjánu àti iná.

Ohun tí àyẹ̀wò ń wá

Ní Nàìjíríà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí aráàlú mọ̀ sí VIO ni ó ni iṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Road Safety, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ń bá ọlọ́kọ̀ wí lójú ọ̀nà. Ìjánu, iná, táyà, fèrè àti ọwọ́ ọkọ̀ ni irú àyẹ̀wò yìí ń wò. Ilẹ̀ Bìrìtéènì, tí ó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò tirẹ̀ ní 1960, sọ ọ́ ní gbangba fún àwọn ọlọ́kọ̀ pé àyẹ̀wò náà kò kan ipò tí ẹ́ńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì àti jíà wà. Ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn yin C70 ni àyẹ̀wò náà kò bi í léèrè.

Bóyá ìjánu iwájú ni ó fi èyí hàn jù. Bí ìjánu bá mú alùpùpù tí ń sáré, ìwúwo ọkọ̀ àti ti ẹni tí ń gùn ún a rọ́ síwájú; ẹsẹ̀ iwájú a tẹ̀ mọ́lẹ̀, ti ẹ̀yìn a fúyẹ́. Nítorí náà ìjánu iwájú ni ó lágbára jù láti dá alùpùpù dúró. Síbẹ̀ àwọn ọlọ́kadà kan bẹ̀rù pé yóò gbé wọn ṣubú lórí iyanrìn, wọn a sì tú wáyà rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ṣe pé olùkọ́ kan ní Ayétòrò ti ń gun C70 fún 25 ọdún láìjẹ́ pé ó dúró sọ́nà rí, tí wáyà ìjánu iwájú rẹ̀ sì ti wà ní títú láti ọdún kẹta, kí ni yóò rò nígbà tí ó bá ka ìkéde pé kìkì "alùpùpù tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé" ni òfin gbà láàyè? Yóò rò pé tòun ni wọ́n ń yìn. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ògbufọ̀ ni ó ṣì í lọ́nà.

Àwọn ìperí tí ó tọ́

Ọ̀rọ̀ ìṣe "yẹ" ni ó bá ipò tí òfin ń béèrè mu: alùpùpù yẹ ojú ọ̀nà, tàbí kò yẹ ojú ọ̀nà. "Ìyẹ-ojú-ọ̀nà", tàbí "ìyẹ" lásán níbi tí kò sí iyèméjì, ni ó yẹ kí ó dúró fún ipò náà. Ìyẹ ní ààlà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́. Ní Bìrìtéènì, ojú táyà alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lé ní 50 cc kò gbọdọ̀ kéré sí mìlímítà 1. Èyí tí ó bá kéré sí i kò yẹ, ọ̀rọ̀ tán. Kò sí olùyẹ̀wò tí yóò sọ pé táyà "yẹ díẹ̀".

"Ìyege" yàtọ̀ sí "ìyẹ", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé etí lè pa wọ́n pọ̀. Ìyege jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ kan: lọ́jọ́ báyìí, níwájú òṣìṣẹ́ báyìí, alùpùpù yìí yege. Alùpùpù lè yege láàárọ̀ kí ó má sì yẹ ojú ọ̀nà mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ìṣó bá gún táyà rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí ọlọ́kọ̀ ń gbà jẹ́ ìwé ẹ̀rí ìyege. Láti túmọ̀ rẹ̀ sí "ìwé ẹ̀rí ìyẹ" jẹ́ láti ṣèlérí ohun tí òṣìṣẹ́ náà kò ṣe.

Èyí tí ó nira jù ni ìperí fún ọkọ̀ tí kì í dúró sọ́nà. "Ìgbẹ́kẹ̀lé" kò tọ́, nítorí pé ọkàn ènìyàn ni ìgbẹ́kẹ̀lé wà, kò sí lára irin. Ẹni kan lè gbẹ́kẹ̀ lé alùpùpù tí kò dára, bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe. "Ìṣeégbẹ́kẹ̀lé" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń tọ́ka sí ìdájọ́ ènìyàn. Ọ̀nà tí àwọn tí ń gun alùpùpù ń gbà sọ ọ́ fúnra wọn ni "kì í já ènìyàn kulẹ̀". Láti inú gbólóhùn yìí ni "àìjánikulẹ̀" ti lè jáde láìsí ìnira. Àwọn kan lè ṣàtakò pé kò yẹ kí ìperí fún ànímọ́ rere ní "àì" níwájú. Àtakò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pàápàá, ìgbà tí ẹ̀rọ kùnà ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó sọ bí kò ti í kùnà tó. Bí alùpùpù kan bá rin 6,000 kìlómítà lọ́dún, tí ó sì dúró sọ́nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìwọ̀n ìjánikulẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 2,000 kìlómítà. Ìperí náà sì gba ìfiwéra, èyí tí ìyẹ kò gbà: tèmi kì í já ènìyàn kulẹ̀ tó tìrẹ. Kí "àlòpẹ́" dúró fún bí ọjọ́ orí ẹ̀rọ ṣe ń gùn tó. C70 tí ó bá ń dúró sọ́nà lọ́sẹ̀ méjì méjì fún 40 ọdún ní àlòpẹ́, kò ní àìjánikulẹ̀.

Àkókò kan wà tí fífẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú fẹ́ di ẹ̀rín. Akoto, tí ó jẹ́ irú igbá kan tí inú rẹ̀ jìn, ti di orúkọ fún ìbòrí ọlọ́kadà. Nígbà tí Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú òfin ìbòrí náà ṣẹ ní oṣù Kìíní 2009, àwọn ọlọ́kadà kan ní Nàìjíríà dé igbá gan-an lórí, kí wọ́n má baà ra ìbòrí.

Kíka èsì àyẹ̀wò

Ìjọba Bìrìtéènì ń gbé èsì àyẹ̀wò ọkọ̀ síta fún ẹnikẹ́ni láti kà, èyí sì lè dá àwọn ògbufọ̀ àti olùkọ́ lọ́rùn ju bí ó ti yẹ lọ. Bí àwọn alùpùpù àtijọ́ bá yege ju àwọn tuntun lọ nínú irú èsì bẹ́ẹ̀, kò fi hàn pé wọ́n ṣe wọ́n dára jù. Àwọn tí ó bàjẹ́ ti dé ààtàn. Àwọn tí ẹni tí ó ni wọ́n ń tọ́jú ni ó kù tí ń wá sí àyẹ̀wò. "Èsì àṣẹ́kù" ni ìperí tí ó bá èyí mu. Láti 20 oṣù Karùn-ún 2018, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ti lé ní 40 ọdún níbẹ̀, tí wọn kò sì yí padà púpọ̀, kò gbọdọ̀ ṣe àyẹ̀wò náà dandan mọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn C70 àkọ́kọ́ lè ṣàì sí nínú èsì rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ohun ìfẹ́ tí wọ́n ń gbé jáde nígbà tí oòrùn bá ràn. Èyí tí ń ru èrò méjì àti àpò gàárì láti Ayétòrò lọ sí Ìlaròó kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn, àní bí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wọn bá tilẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn.

Ọjọ́ kan náà ní 2018 ni wọ́n pín àléébù tí olùyẹ̀wò bá rí sí ọ̀nà mẹ́ta. "Àléébù kékeré" kò dí ìyege lọ́wọ́. "Àléébù ńlá" ń dí i lọ́wọ́. "Àléébù eléwu" tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: a kò gbọdọ̀ gun ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀. Kí ògbufọ̀ má ṣe fi "àléébù burúkú" pe ìkẹta yìí. Ohun burúkú lè dúró dìgbà tí owó bá wà, ewu kò ní dúró.

Lẹ́yìn àwọn mẹ́ta náà ni ọ̀rọ̀ tí olùyẹ̀wò máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé ọkọ̀ tí ó ti yege, pé ohun kan kò tíì bàjẹ́ ṣùgbọ́n ó ń lọ síbẹ̀. "Ìmọ̀ràn" kò ní agbára tó, "ìkìlọ̀" sì dún bí pé àléébù ti wà. "Ìṣítí" ni ó sún mọ́ ọn jù: wáyà ìjánu iwájú ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ni ín sì ní ìwé ẹ̀rí ìyege lọ́wọ́.