Ẹ Má Fi Nǹkan Pamọ́ fún Ẹni Tó Fẹ́ Kùn Yín Lóorun

Ẹ̀kọ́ ìlera tọ̀sẹ̀ yìí dá lórí oògùn akunnilóorun àti oògùn ara ríro. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò ní nílò wọn láé. Ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin gba Orè wa yìí kọjá, ọkọ̀ ń sáré lórí ẹ̀ tọ̀sán-tòru, a sì mọ ohun tí jàǹbá ọkọ̀ máa ń ṣe. Ẹlòmíì, eyín ló máa gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹlòmíì, ìbímọ ni.

Láyé àtijọ́, ńṣe ni wọ́n máa ń di aláìsàn mú kí wọ́n tó gé e. Lọ́jọ́ 16, oṣù kẹwàá, 1846, ní Boston ní Amẹ́ríkà, oníṣègùn eyín kan, William Morton, fi ether kun ọkùnrin kan lóorun níwájú èrò, dókítà sì yọ kókó lọ́rùn ẹ̀. Àtìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ti yí padà.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà lónìí:

1. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibì kan ṣoṣo kú, bíi ti eyín. Ojú ẹ máa là sílẹ̀.
2. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Láti ìdí dé ẹsẹ̀ á kú fún wákàtí mélòó kan. Wọ́n máa ń lò ó fún aboyún tí wọ́n fẹ́ fi abẹ gbẹ̀bí fún. Ìyá á gbọ́ igbe ọmọ ẹ̀.
3. Oògùn tó ń mú ara balẹ̀. Èèyàn á máa tòògbé, àmọ́ ó ṣì lè dáhùn tí wọ́n bá pè é.
4. Oorun pátápátá. Dókítà akunnilóorun á jókòó tì ẹ́, á máa ṣọ́ èémí ẹ àti bí ọkàn ẹ ṣe ń lù, títí iṣẹ́ á fi parí.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún àbúrò bàbá mi ní ilé ìwòsàn kan. Nọ́ọ̀sì ti ní kí wọ́n má jẹun. Ìyá àgbà wa gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín dé láàárọ̀, wọ́n ní ẹni tí ebi ń pa ò lè ní agbára abẹ. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní ká má sọ. Nígbà tí dókítà bi wọ́n léèrè, wọ́n jẹ́wọ́, iṣẹ́ abẹ sì di ọjọ́ kejì. Inú bí gbogbo ará ilé, àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé. Tómi bá gba ọ̀nà òdì lọ́fun wa, ikọ́ la fi ń lé e jáde. Ẹni tí wọ́n kùn lóorun ò lè húkọ́. Tí oúnjẹ bá gòkè láti inú ikùn, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀, ó sì lè pa á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń ní kéèyàn fi oúnjẹ sílẹ̀ fún wákàtí 6, kó sì fi omi lásán sílẹ̀ fún wákàtí 2. Iye tí dókítà tiyín bá sọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ tún sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Gbogbo oògùn tẹ́ ẹ lò. Alábùkún tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe l'Abẹ́òkúta ní 1918, aspirin wà nínú ẹ̀, aspirin kì í sì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ tètè dì. Ẹ sọ àgbo náà, pàápàá èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ.

Tramadol àti igbó. Tramadol pẹ̀lú oògùn oorun lè dá èémí dúró. Tójú bá ń tì yín nítorí òbí, ẹ ní ẹ fẹ́ dá bá dókítà sọ̀rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá jẹ́ SS. Tí oògùn akunnilóorun bá ti yọ ẹnì kan lẹ́nu rí nínú ẹbí yín. Eyín tó ń mì. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò, torí ẹ̀rọ tó ń wo èémí, orí ìka ni wọ́n ń fi há.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tó bá ń dùn yín, ẹ sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ "ọkùnrin kì í sunkún." Ẹni tó ń jẹ̀rora ò lè mí kanlẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì jókòó sí i láyà. Àmọ́ ẹ má lọ fi ti kẹ́míìsì kún ti dókítà. Parasitamọ́ọ̀lù 500 mg, àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ lò ju 8 lọ láàárín wákàtí 24. Tó bá pọ̀ jù, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹni tí wọ́n kùn lóorun ò sì gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn àgbà ní, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ ka èyí fún àwọn ará ilé yín, pàápàá àwọn ìyá àgbà tó ń gbé ẹ̀kọ wá.